Ibi Tí Irin Kò Dé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ni, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń kí mi tí mo bá lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Àkùngbá láì wálé, bíi pé ìlú òyìnbó ni mo wà. Yàrá ìwádìí wa ní yunifásítì ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, kò sì sí ohun tí mo lè fọwọ́ ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ jẹun. Mo bọ́ bàtà, mo gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, mo ní kí n kúkú bá yín sọ̀rọ̀.

Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Látàná ni mo ti ń sùn tí mò ń jí. Màámi ti se ewé ọsàn fún mi mu, ó ṣì rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìròyìn tó rọrùn. Àlájà ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti lọ Mẹ́kà, ó ti dé, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é ní Àlájà tuntun, àfi ẹni tó bá fẹ́ kó bínú. Igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé ti wó. Ọlọ ẹ̀rọ tí ẹ tún ṣe kẹ́yìn, ti ìyá tó ń lọ ata lẹ́bàá ọjà ní Ìkàrẹ́, ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì ń pariwo bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ìyá náà kò tíì rí ẹlòmíràn tó lè gbẹ́ eyín ọlọ bíi tiyín. Kò sì jẹ́ kí n kọjá láì gbọ́ ọ.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá fi pléètì tuntun, irin tó ń lọ ata, sínú ọlọ? Ẹ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ da ata sí i. Èèrí àgbàdo lẹ máa ń dà sí i lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí eruku irin ara pléètì lè bá a jáde. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá mú òòfà tí ẹ tú lára àpótí rédíò àtijọ́, ẹ ó fi ọ̀rá wé e, ẹ ó sì rì í sínú ohun tí ọlọ pọ̀. Tí ẹ bá fà á jáde, irun dúdú á ti bò ó. Ẹ ó fi hàn mí.

“Wò ó dáadáa. Ohun tí wọn ìbá jẹ nìyẹn.”

Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe ní gbogbo Àkókó àfi bàbá mi. Mo wá dàgbà, mo lọ yunifásítì, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eruku irin, ṣùgbọ́n tèmi la fẹ́ kí ènìyàn gbà sára. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń nu ojú. Bàbá ń yọ irin kúrò nínú oúnjẹ àwọn èèyàn, ọmọ ń dà á sínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ ní kí n má sọ fún àwọn oníbàárà yín.

Eruku tiwa kéré débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. A máa ń fi ohun kan tó fẹ́ jọ ṣúgà bò ó lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà so kókó bí ògì tí wọn kò rò dáadáa. Nínú ìgò, omi dúdú lásán ni, àfi tí ẹ bá gbé òòfà sún mọ́ ọn, tó sì gbéra tọ̀ ọ́ lọ. Tí wọ́n bá fa irú omi yìí sí iṣan aláìsàn, tí wọ́n wá gbé e wọ inú ẹ̀rọ ńlá tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, ibi tí irin náà bá dé á ṣú nínú àwòrán. Ohun tó jẹ́ kí a máa wá a ni pé oògùn àwòrán tí wọ́n ń lò káàkiri kò bá kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn mu. Kíndìnrín tiyín sì ti ń ṣàìsàn.

N kò mọ̀ bóyá mo ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó yẹ kí ẹ̀rọ máa ro omi irin náà fún wákàtí púpọ̀ láì dúró. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ku díẹ̀ kó jinná ni iná lọ, kí a tó fa jẹnẹrétọ̀ kó dìde, ó ti di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Mo dà á nù, mo fọ ìgò, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní irin kì í mọ̀ pé ó rẹni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná ló gbé mi débí ṣá o. Ẹ mọ ohun tó gbé mi débí.

Nígbà tí àìsàn yẹn bẹ̀rẹ̀, tí ikùn yín ń wú tí ojú yín ń pọ́n bí epo, ọ̀gá mi ló bá wa bẹ dókítà kan tó mọ̀, ní ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà sí wa. Dókítà náà ní irú oògùn irin yẹn lọ́wọ́. Kì í ṣe èyí tí èmi ṣe. Tèmi kò tíì kúrò lórí eku. Èmi, ẹ̀yin àti Màámi la jọ lọ. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń so omi dúdú náà kọ́ sókè lẹ̀ ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹ́ńjìnnì tí ẹlòmíràn tò.

“Ṣé èyí ò ní dípẹtà sí mi nínú?”

Mo ní ó ti dípẹtà tẹ́lẹ̀, Bàbá, ìpẹtà gan-an ni. Ẹ rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni òtítọ́ ìkẹyìn tí mo sọ fún yín nínú ilé ìwòsàn yẹn.

Nígbà tí àwòrán jáde, dókítà pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé fíìmù sójú fèrèsé. Kò sídìí fún un láti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀dọ̀ tó sàn ló ń gbé irin mì, irin yẹn ló sì ń jẹ́ kó ṣú. Ibi tí àrùn bá ti gbà kò lè gbé ohunkóhun mì mọ́, irin kì í dé ibẹ̀, á sì máa tàn ní funfun. Nínú fíìmù tiyín, ẹ̀dọ̀ ṣú dáadáa, ṣùgbọ́n ojú funfun mẹ́rin wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó hóró àgbàdo. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní kí n rọra sọ fún yín, nítorí èmi ni ọmọ, mo sì mọ iṣẹ́ náà. Mo mú fíìmù, mo ń bọ̀ wá síbi bẹ́ǹṣì tí ẹ̀yin méjèèjì jókòó sí. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu.

Màámi kò jẹ́ kí n débẹ̀. Ó dìde, ó gba fíìmù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ bó ṣe rí i tí dókítà ṣe é. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ dàrú, nítorí ó rí dúdú. Lẹ́yìn náà ló rí àwọn funfun yẹn, ó fi ìka tẹ ọ̀kan.

“Ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ̀ ọ́! Oògùn yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Ó wò mí. Ẹ̀yin náà gbójú sókè, ẹ wò mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. N kò la ẹnu. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi ń tan ara mi pé ẹni tó mi orí kò purọ́. N kò lè dá Màámi lẹ́bi. Aṣọ funfun là ń wọ̀ lọ dúpẹ́, ọlọ́kàn dúdú là ń pe ìkà. Ta ló máa rí funfun tí yóò pè é ní ikú? Àfi ẹni tó kọ́ irú ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, ẹni náà sì ti mi orí.

Mo rò pé tó bá di ọ̀la, màá sọ ọ́. Lọ́la, Màámi ti sọ fún pásítọ̀. Lọ́túnla, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kí a padà wá ya òmíràn kí wọ́n lè mọ ibi tí àìsàn náà dé. Bàbá, mo gbàdúrà lọ́nà pé kí ọkọ̀ wa bàjẹ́. Funfun yẹn ti gba ẹ̀dọ̀ yín dé ìdajì. Màámi pariwo Halelúyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn títí nọ́ọ̀sì fi sáré jáde. Dókítà wo ojú mi. Mo yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e la ṣe ìdúpẹ́. Ẹ wọ bùbá funfun yẹn, ó kọ́ sí yín lọ́rùn bí aṣọ tí wọ́n fi há ìṣó. Màámi gbé fíìmù dání, ó jó lọ síwájú ìjọ, ó na méjèèjì sókè, ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òsì, ti ìkejì lọ́wọ́ ọ̀tún, kí gbogbo ènìyàn lè rí bí funfun ṣe ń lé dúdú lọ. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Jẹjẹrẹ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, èmi nìkan ló mọ̀, mo sì jókòó sẹ́yìn, mò ń ka búlọ́ọ̀kù ara ògiri. Ẹ jó dé iwájú pẹpẹ. Ẹ jó padà. Ẹ ò di ẹnikẹ́ni mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje la sin yín.

Ẹ̀bi àkọ́kọ́ nìyẹn. Èkejì ló burú jù, òun ni mo ń tìtorí rẹ̀ kọ ìwé.

Nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ ti ń yá kì í kàn kú. Ẹni kan ló pa á. Bí Màámi ṣe rò ó nìyẹn, kí ló sì kù tó lè rò? Ó ti rí i lójú ara rẹ̀ pé ẹ ń sàn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá apànìyàn, kò sì wá a jìnnà. Ó mú àbúrò yín, Bàbá Ọ̀kà.

Ẹ rántí ìjà igi káṣú. Ọdún tó ṣáájú àìsàn yín ni Bàbá Ọ̀kà gé igi káṣú méjì tó wà ní ààlà oko yín ní Ìwárọ̀, ní Ọ̀kà, nítorí wọ́n ń ṣíji bo iṣu rẹ̀. Ẹ lọ bá a, ẹ pariwo lé e lórí níwájú ènìyàn. Inú bí òun náà.

“Kò burú, Ẹ̀gbọ́n. Àá jọ máa wò ó ni.”

Kò ju ọ̀rọ̀ ìbínú lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi di iṣu wá bẹ̀ yín ní Ìkàrẹ́, ẹ jọ gún un jẹ, ẹ sì tún bá a wí pé iṣu náà kò jinná tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ kú, ọ̀rọ̀ yẹn jí dìde nínú Màámi. Kí ni wọ́n fẹ́ jọ wò? Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì di ilẹ̀kùn, ó ní apànìyàn kò ní wọlé òun. Bàbá Ọ̀kà kò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó kọjá sí iwájú ilé Àlájà, ó dúró sẹ́bàá títì títí wọ́n fi bo ilẹ̀ yín tán, lẹ́yìn náà ló wọ ọkọ̀ padà sí Ọ̀kà. Èmi ni mo bu iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ń wò ó láti ibẹ̀.

Akọ̀wé ni Màámi ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yín ní ìyàwó, torí ó bá a lẹ́nu iléèwé, kò sì lè pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn, orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń pè, tòun ti èpè. Ọ̀rọ̀ náà rìn dé Ọ̀kà kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ó dẹ́kun lílọ sí ìpàdé ẹbí. Ẹmu tí wọ́n máa ń mu lábẹ́ igi iwájú ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òun nìkan ló wá ń mu ún. Mo mọ̀, mo dákẹ́. Mo ní Màámi ṣì ń ṣọ̀fọ̀, tó bá yá màá sọ. Kò yá. Mo ti mọ báyìí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í yá fúnra rẹ̀.

Fúnmi, ọmọ Bàbá Ọ̀kà obìnrin tó ń ṣe tíṣà, rí ọkọ lọ́dún tó kọjá. Àwọn ẹbí ọkùnrin náà wá ṣe ìwádìí, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, wọn kò sì padà wá mọ́. Wọn kò sọ ìdí. Lọ́dún yìí, òmíràn tún dé, ọmọ Ìṣùà, èèyàn jẹ́jẹ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ rán ìyá àgbàlagbà kan àti bàbá kan wá sí Ìkàrẹ́ wá bá Màámi, nítorí ta ló tún lè mọ ilé kan ju ìyàwó àgbà ilé náà lọ? Mo wà nílé lọ́jọ́ náà, èmi ni mo gbé omi fún wọn. Màámi kí wọn, ó ní kí wọ́n padà wá ní Sátidé, òun máa jókòó sọ ohun gbogbo tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Kí n tó dé Àkùngbá ni Fúnmi ti pè mí lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Tí eléyìí náà bá lọ, mi ò ní lè fojú hàn mọ́.”

Kò mọ̀ pé ọ̀daràn ló ń bẹ̀. Mo ní màá bẹ̀ ẹ́. Ẹ wò bí irọ́ ṣe máa ń rọ̀ mí lọ́rùn.

Lọ́jọ́rú mo gba ọkadà lọ sílé. Màámi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo wọ yàrá yín, mo mú fíìmù méjèèjì jáde lábẹ́ àpótí aṣọ. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ pé irin ló ń mú ẹ̀dọ̀ ṣú, ẹ̀dọ̀ tó sàn ló sì ń gba irin. Mo ní bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣe ń jẹun ni, tí aláìsàn kì í lè jẹ. Mo ní ibi tó ṣú ni Bàbá ṣì wà láàyè, ibi tó ń tàn ni ikú ti wọlé. Ó gbọ́ tán. Ó nu ọwọ́ sára ìró.

“Funfun yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

“Èyí tí mo gbé sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

Mo ń retí kó gbá mi létí. Ìbá dáa kó gbá mi. Ó fa àwo ẹ̀wà mọ́ra, ó tún ń ṣà á lọ, kò gbójú sókè.

“O jẹ́ kí n jó.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó se ẹ̀wà náà, kò jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ padà sí Àkùngbá, ó ní kí n sùn síbẹ̀, Ọ̀kà là ń lọ lọ́la.

A wọ ọkọ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. A kọjá lẹ́nu géètì yunifásítì wa, kò yíjú wò ó. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi sọ̀kalẹ̀ ní Ìwárọ̀. Òtútù orí òkè yẹn ṣì wà níbẹ̀, Bàbá, èyí tí ẹ máa ń ní ó ń jẹ́ kí ọmọ Ọ̀kà le. Bàbá Ọ̀kà wà lẹ́yìn ilé, ó ń gbẹ́ igi tí iṣu máa gùn. Ó ti rù. Ó rí wa, ó gbé àdá sílẹ̀, kò mọ̀ bóyá kó sún mọ́ wa tàbí kó sá. Màámi kúnlẹ̀ sórí èérún igi, tòun ti aṣọ rẹ̀.

“Akọ̀wé, mo ṣẹ̀ yín.”

“Ẹ dìde, ìyàwó wa. Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù.”

Kò dìde. Ó sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀, èmi náà wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ ti fíìmù, ti funfun, ti ọmọ tó mi orí. Bàbá Ọ̀kà kò bi wá ní ìbéèrè kan. Ó fi ọwọ́ fa Màámi dìde, ó wá àpótí fún un, òun náà jókòó sórí òkìtì igi. Èdè Ọ̀kà ló fi sọ̀rọ̀, mo kàn ń kọ ọ́ bí mo ṣe lè kọ ọ́ ni.

“Mo ti mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti wá sọ fún mi. Ọjọ́ kejì tí ẹ ṣe ìdúpẹ́ yẹn ló wá, òun nìkan, nínú ọkọ̀ akérò. Ìgbà ìkejì tí wọ́n ya àwòrán, ó bi ọ̀gbẹ́ni tó ń lo ẹ̀rọ yẹn léèrè ibi tí irin náà lọ. Ọ̀gbẹ́ni yẹn fi dúdú hàn án. Ó tún bi í pé kí ló dé tí kò dé ibi funfun. Ọ̀gbẹ́ni yẹn dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní ìdákẹ́ yẹn ti tó òun.”

Màámi gbé ọwọ́ lórí. Bàbá Ọ̀kà ń wo ilẹ̀.

“Ó ní ọmọ òun ti gbé irọ́ kan rù kí òun má baà bẹ̀rù, pé tí òun bá jẹ́ kó mọ̀ pé òun mọ̀, á dà bíi pé òun já a lulẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ó ní kí n búra pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí ọmọ yẹn á fi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo búra.”

“Ọdún mẹ́ta! Ọdún mẹ́ta tí mo fi ń pè yín ní apànìyàn?”

“Ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀. Kí ni mo fẹ́ bá ọlọ́fọ̀ jà sí?”

“Fúnmi ńkọ́?”

Bàbá Ọ̀kà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní ti Fúnmi ló fẹ́ mú òun já ìbúra náà. Ó ní òun ti wọ bàtà lẹ́ẹ̀mejì láti máa bọ̀ ní Ìkàrẹ́, òun sì tún bọ́ ọ. Mo dojú bolẹ̀ níbẹ̀ lórí èérún igi yẹn, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò sunkún tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin yín.

Ní Sátidé, ìyá àti bàbá ará Ìṣùà náà dé. Màámi ti ránṣẹ́ pe Bàbá Ọ̀kà, òun ló jókòó sórí àga yín. Màámi kò fi epo bọ iyọ̀. Ó sọ fún wọn pé ilé rere ni wọ́n fẹ́ gbé ìyàwó, pé ohun tí wọ́n ti gbọ́ káàkiri, ẹnu òun ló ti jáde, irọ́ sì ni. Ó sọ ọ́ lójú ẹni tó purọ́ mọ́. Bàbá àgbà yẹn wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó tún ní kí n bu sí i. Wọ́n ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Fúnmi pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá òun bẹ Màmá. N kò gba ìdúpẹ́ náà. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó pa fóònù. N kò tíì mọ̀ bóyá ó máa tún pè.

Bàbá, mo fẹ́ bi yín léèrè. Ṣáájú ìdúpẹ́ lẹ bi ọ̀gbẹ́ni yẹn. Ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn. Ẹ mọ̀, ẹ sì wọ bùbá funfun, ẹ jókòó bí Màámi ṣe ń gbé ikú yín sókè fún ìjọ rí. Nígbà tí ẹ wá dìde tí ẹ ń jó lọ síwájú pẹpẹ, ijó kí lẹ̀ ń jó? Ta lẹ̀ ń jó o fún? Ẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ẹ̀yìn yẹn, ẹ fi ọwọ́ kan èjìká mi. Mo rò pé ẹ fẹ́ dì mí mú kí ẹ má baà ṣubú ni.

N kò ní fi pamọ́ fún yín: mò ń bínú sí yín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Tèmi náà, ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ yẹn gba àbúrò yín lọ́rẹ̀ẹ́, ó fẹ́ gba Fúnmi lọ́kọ, ó sì jẹ́ kí Màámi fi ọdún mẹ́ta ṣépè fún aláìṣẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń bu ẹ̀kọ sí yín lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń lọ, ẹ mọ̀ pé mo mọ̀, a sì ń sọ̀rọ̀ òjò àti ọlọ. Ọwọ́ yín wà lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó dágbére fún ẹnì kejì rẹ̀ nínú wa.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń padà bọ̀, mò ń gbọ́ ohùn wọn lórí àtẹ̀gùn.

Ó dàbọ̀, Bàbá mi. Ohun tí n kò sọ nígbà náà nìyí: mo mọ̀ pé ẹ̀ ń kú lọ. Ó dàbọ̀ o.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín tó sì ń bínú.